Àwọn aràrá mi ní irùngbọ̀n, wọ́n ní àáké, àmọ́ wọn ò ní àṣà

Onítàn_Orí_Tábìlì:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin máa ń ṣe eré kan lórí tábìlì. Kálukú wọn á sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dá inú ìtàn, èmi á sì máa sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ya ìlú kan nínú òkè fún àwọn aràrá, àwọn ẹ̀dá kúkúrú inú ìtàn àwọn òyìnbó: ẹnubodè, gbọ̀ngàn, ilé àgbẹ̀dẹ méje. Orí mi wú. Nígbà tá a débẹ̀ ní Sátidé, ọ̀kan nínú wọn bi aràrá tó ń ṣọ́ ẹnubodè pé, "Ẹni tó bá kú níbí, ibo lẹ máa ń sin ín sí?" Mo ní, "Inú òkúta." Ó ní, "Òkúta wo? Èyí tí ẹ̀ ń gbẹ́ lọ́wọ́ yìí?" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́, irùngbọ̀n, ọtí, àáké àti ìbínú nìkan ni mo fún wọn, ohun tí gbogbo ayé ń fún aràrá. Kí ni wọ́n ń jẹ? Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn? Ta ló ń fẹ́ ta? Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ti pinnu: àwọn obìnrin wọn ní irùngbọ̀n, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ gbà mí o.

Abẹ́_Ilẹ̀:

Àbúrò, fi àṣà sílẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ ni kó o kọ́kọ́ mú.

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ihò ìwakùsà. Kí wọ́n tó kọ́ mi bí a ṣe ń lu òkúta, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bàjẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kàn máa fọ́ ọ, oorun á máa kùn ọ́, ó parí. Ìwọ wá kó ilé àgbẹ̀dẹ méje sínú òkè kan! Èéfín wọn ńkọ́? Ẹni tó bá dáná nínú òkè, èémí gbogbo ará ìlú ló ń lò. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù nílùú yẹn, tó burú ju olè lọ, ni kéèyàn dáná láìgba àṣẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ ihò èéfín á sì lẹ́nu ju ọba lọ. Ibẹ̀ náà ni ìkíni wọn á ti wá. Bí méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á ní, "Ṣé ó ń fẹ́?" Èkejì á ní, "Ó ń fẹ́." Ẹni tí kò bá dáhùn, ṣe ni wọ́n á gbá a mú, wọ́n á fà á jáde síta, wọn ò ní dúró béèrè.

Ooru tún wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń walẹ̀ lọ ni òkúta ń gbóná sí i, nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí orí ilẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 10, òkúta tó wà ní kìlómítà méjì nísàlẹ̀ á ti tó 60 tàbí 70. Àwọn tó ń ya aràrá tó wọ ẹ̀wù irin àti awọ onírun nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọn ò wọ ihò rí láyé wọn. Olówó á máa gbé níbi tó tutù, mẹ̀kúnnù á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. O ò tiẹ̀ ní ṣe wàhálà kó o tó mọ ẹni tó ń gan ta.

Ti òkú: wọn ò lè sun ún, iná náà ni. Wọn ò sì lè gbé e sí ibi tí omi mímu ń gbà kọjá. Ihò tí irin inú rẹ̀ ti tán ni wọ́n á gbé e sí, wọ́n á fi òkúta dí i pa. Bó bá jẹ́ awakùsà, wọ́n á wá èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́.

Ti oúnjẹ, mo bẹ̀ ọ́, má sọ pé olú ni wọ́n ń jẹ. 100 gíráàmù olú tútù ò ju nǹkan bíi kálórì 22 lọ. Ẹni tó ń lo kálórì 2,000 lóòjọ́ á jẹ ẹ́ tó kìlógíráàmù mẹ́sàn-án. Olú gan-an ò sì lè hù láìrí nǹkan jíjẹrà. Wọ́n ní láti máa bá àwọn ará ìta tajà, torí ọ̀dọ̀ wọn ni igi tí wọ́n fi ń ṣe èédú ti ń wá. Aràrá tó bá ń pariwo pé òun ò nílò ẹnì kankan, irọ́ ló ń pa.

Afẹnupìtàn:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, àmọ́ èmi ò gbà pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tún ìlú tò. Nínú ìtàn àtijọ́ tí Snorri Sturluson kọ sílẹ̀ ní Iceland ní nǹkan bí ọdún 1220, oníṣẹ́ ọwọ́ ni aràrá, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ àdéhùn ṣeré. Aràrá kan, Brokkr, bá Loki, òrìṣà ẹlẹ́tàn, ta tẹ́tẹ́, orí Loki ni wọ́n sì fi ta, pé arákùnrin òun á rọ ohun tó dára tó ti àwọn ọmọ Ivaldi, àwọn aràrá mìíràn. Bí Brokkr ṣe ń fi ẹwìrì fínná, eṣinṣin kan (ọ̀pọ̀ gbà pé Loki ni) bù ú jẹ ní ìpéǹpéjú. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ òòlù tí wọ́n ń rọ, tó di ti Thor, òrìṣà àrá, fi kúrú. Síbẹ̀ Brokkr ló jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tó fẹ́ gba orí, Loki ní orí lòun fi ta, òun ò fi ọrùn kún un. Brokkr fi ọrùn sílẹ̀. Ó fa òlù yọ, ó rán ètè Loki pọ̀. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé ara orí ṣáà ni ètè wà.

Ibẹ̀ ni kó o ti mú ìgbéyàwó wọn. Àwọn méjèèjì á jókòó ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á máa ka ohun tí wọn ò ní fún ara wọn, àwọn ẹbí á máa gbẹ́ ẹ sára ògiri.

Irùngbọ̀n obìnrin tó o sọ yẹn wá pa mí lẹ́rìn-ín. Nǹkan mẹ́fà tí kò sí láyé làwọn aràrá fi ṣe Gleipnir, ohun tí wọ́n fi so ìkookò Fenrir: ìró ẹsẹ̀ ológbò, irùngbọ̀n obìnrin, gbòǹgbò òkè, iṣan béárì, èémí ẹja, itọ́ ẹyẹ. Bó bá wá wà nílùú tìrẹ, a jẹ́ pé ọjà tó wọ́n jù láyé ló ń hù lágbọ̀n àwọn ìyá àgbà. Ṣé ẹnì kan lè fi tipá gé e? Ṣé wọ́n lè fi san gbèsè?

Má_Fi_Gún:

Mo kọ orúkọ ìdílé aràrá 64 rí fún irú eré yìí. Ẹyọ kan ni wọ́n rántí, torí mo ṣì í pè. Nǹkan mẹ́ta tí ọwọ́ lè kàn ti tó.

Mo ta ọ́ lọ́rẹ ọ̀kan: inú òkùnkùn, ìka ni wọ́n fi ń kàwé lára ògiri. Ibi tó bá ń dán jù ni ọ̀rọ̀ tí ará ìlú fẹ́ràn jù.

Onítàn_Orí_Tábìlì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lé àgbẹ̀dẹ mẹ́fà síta, ó ku ẹyọ kan. Màmá àgbà kan ló ń ṣọ́ ihò èéfín báyìí. Ó di irùngbọ̀n rẹ̀ ní ìdì mẹ́ta, wọ́n ti gé ọ̀kan, kì í sì í sọ ẹni tó gé e.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́_Ilẹ̀, ó ku kan. Ìkíni tẹ́ ẹ sọ yẹn, bí ẹni tí wọ́n kí bá jẹ́ odi ńkọ́?

Abẹ́_Ilẹ̀:

Òkúta kéékèèké méjì á wà lápò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Á fi wọ́n lu ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù làwa máa ń lù.