Ta ló ti fi kẹ̀kẹ́ gun Hardknott rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Dòwú_Salford

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ fi ọjọ́ kan yí àwọn òkè Lake District, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, po nínú oṣù kẹfà: mà á gbéra ní Grasmere, mà á gun Kirkstone, Honister, Newlands àti Whinlatter, mà á gba apá etíkun bọ̀ wá sí Hardknott àti Wrynose, kí n tó padà sí Grasmere. Ọ̀nà Fred Whitton Challenge, ìrìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, náà ni, máìlì 114, àmọ́ èmi nìkan ni mo fẹ́ gùn ún, lọ́jọ́ tí kò sí èrò.

Mo ti gun òkè Holme Moss láìsọ̀ kalẹ̀, òkè Snake Pass náà kò dà mí láàmú. Kẹ̀kẹ́ mi ní eyín 50 àti 34 níwájú, 11 sí 28 lẹ́yìn. Bíréèkì orí rímù ló ní. Ṣé jíà yìí á gbé mi? Àti pé Hardknott tó wà ní ìparí yẹn, ṣé kò ní dáa kí n yí ọ̀nà náà sódì, kí n fi àárọ̀ gùn ún nígbà tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀? Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀.

Ìyá_Ẹ̀bùn

Ìyàwó yín gbọ́n. Newlands ni wọn kì í kìlọ̀ fúnni nípa ẹ̀. Gbogbo èèyàn á máa pariwo Honister, Honister, ẹ ó sì ná gbogbo agbára yín síbẹ̀. Ẹ̀ ń sọ̀ dé Buttermere, ẹ jókòó, ẹ mu tíì, ẹ rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà níbẹ̀ ni Newlands ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti tutù. Tíì yẹn, orí ìdúró ni kẹ́ ẹ ti mu ún.

ỌmọÌdànrè

Mo lọ wò ó lórí Google. Mítà 393 ni orí Hardknott! Ohun tẹ́ ẹ ń pè lókè nìyẹn? Àtẹ̀gùn 667 là ń gùn nílé wa, àwọn ìyá àgbà ń gùn ún.

Bàbá_Kendal

ỌmọÌdànrè, gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn yẹn ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Dòwú, o kú ìmúra. Kendal ni mò ń gbé, àwọn ọ̀nà yẹn ni mo ti ń najú lópin ọ̀sẹ̀. Ti Hardknott ni mo máa fi ṣáájú, torí òun ló máa pinnu bí gbogbo ìyókù á ṣe rí.

Holme Moss ò lè múra ẹ sílẹ̀ fún un. Holme Moss ga jù ú lọ dáadáa, ó lé ní mítà 500, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Èèyàn lè jókòó kó máa gùn ún lọ, kó máa ronú owó ilé. Ní Hardknott láti apá Eskdale, bíi mítà 300 lo máa gùn láàárín kìlómítà méjì lé díẹ̀. Pátákó tó wà nísàlẹ̀ kọ 30% sára, ìyẹn ni pé nínú mítà 100, ọ̀nà á ti gòkè ní mítà 30. Bó o bá ti kọjá irin tí wọ́n tẹ́ sójú títì kí ẹran má baà rìn kọjá, kò sí mo kí ẹ mo kò rẹ, ọ̀nà á kàn dìde sí ẹ lójú. Lẹ́yìn àwọn kọ́nà àkọ́kọ́ tó wà láàárín igi, ó máa rọ̀ díẹ̀. Wo ọwọ́ òsì, wàá rí ògiri òkúta tó ṣẹ́ kù lára bárékè àwọn ọmọ ogun Róòmù. Ibẹ̀ ni kó o ti mí, kó o mu omi. Má sáré níbẹ̀ rárá. Àwọn kọ́nà òkè tó o ti ń wò látìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bó o bá sún sẹ́yìn lórí ìjókòó, táyà iwájú á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Bó o bá dìde tí ojú ọ̀nà sì tutù, táyà ẹ̀yìn á máa yí lásán. Tẹ̀ síwájú, jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ sún mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, má dìde àfi tó bá pọn dandan. Ní kọ́nà, bí mọ́tò ò bá ń bọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ìta. Inú kọ́nà ló ga jù.

Jíà ńkọ́? 34 níwájú pẹ̀lú 28 lẹ́yìn, bó o bá fẹsẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ tó mítà méjì àbọ̀. Lórí irú òkè báyìí, ó ti pọ̀ jù. Wá 34 sẹ́yìn, kí iwájú àtẹ̀yìn dọ́gba, ìyẹn á mú un wá sí mítà méjì lé díẹ̀. Àwọn géńdé kan á sọ fún ẹ pé 28 làwọn fi gùn ún. Bi wọ́n bóyá lẹ́yìn máìlì 98 ni wọ́n débẹ̀, torí ibi tí ìwọ máa bá a nìyẹn. Kó o tó ra fríwíìlì (àkójọ eyín ẹ̀yìn) tuntun, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ ṣe bóyá apá tó ń gbé ṣéènì lẹ́yìn gùn tó. Èyí tó kúrú kì í gba 34, ó sì ṣeé ṣe kó o ra ṣéènì tó gùn sí i.

Ti pé kó o yí i sódì, mi ò fara mọ́ ọn. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá níbí. Bó o bá gba ọ̀nà bó ṣe wà, á dojú kọ ẹ́ láti Cold Fell títí dé Gosforth, wàá ṣépè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ ló máa wà nígbà tó o bá dé Hardknott. Bó o bá yí i sódì, wàá bá a níwájú lórí Wrynose, wàá bá a lórí Hardknott, wàá tún wá fi bíréèkì rímù sọ̀ kalẹ̀ lórí 30% láàárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lójú ọ̀dà. Ìka á máa ro ẹ́ kó o tó dé abúlé Boot nísàlẹ̀.

Ká ní èmi ni, mi ò ní gun máìlì 114 láìkọ́kọ́ tọ́ Hardknott wò. Wọ ọkọ̀ ojú irin dé Windermere, kò jìnnà sí Ambleside. Gba Coniston lọ sí Broughton, yà sí Ulpha, gun Birker Fell bọ́ sí Eskdale, kó o wá gun Hardknott àti Wrynose padà sí Ambleside. Kò tó máìlì 50. Birker Fell á mú ẹsẹ̀ rẹ gbóná, kò ní pa á. Lọ́jọ́ mìíràn, gbéra ní Grasmere, gun Kirkstone, gba Matterdale dé Keswick, Honister, Newlands, Keswick lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o gba Dunmail Raise padà. Ìyẹn á lé díẹ̀ ní máìlì 60. Bí méjèèjì bá ti rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, so wọ́n pọ̀.

Kí n tó gbàgbé, àwọn àgùntàn Herdwick. Kò sí ọgbà tó dá wọn dúró lórí òkè yẹn. Dúdú kirikiri ni wọ́n ń bí ọmọ wọn, bó ṣe ń dàgbà ló ń funfun, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ohun tó kàn ẹ́ ni pé ojú títì ni wọ́n fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sí, ní ẹ̀yìn kọ́nà tó ò ti lè rí wọn. Níbi tó o bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Hardknott sí Cockley Beck, fún bíréèkì, tú u, fún un, tú u. Má dì í mú títí.

Dòwú_Salford

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ̀yin náà, ìyá, mo ti gbọ́ ti tíì. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe ní apá tó wà lẹ́yìn kúrú lóòótọ́, owó á jáde. Ọ̀nà Birker Fell yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gùn. Níbo ni mo ti lè rí oúnjẹ lọ́jọ́ tí mo bá wá fẹ́ gun gbogbo ẹ̀? Ṣé mo nílò aṣọ òjò nínú oṣù kẹfà?

Ìyá_Ẹ̀bùn

Aṣọ òjò kẹ̀! Seathwaite tó wà nísàlẹ̀ Honister, ibẹ̀ ni òjò ti ń pọ̀ jù nínú gbogbo ibi téèyàn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lé ní mítà mẹ́ta lọ́dún. Ẹ mú un. Ti oúnjẹ, dàbínù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń kó sápò ẹ̀yìn, mi ò kì í dúró dìgbà tí ebi bá pa mí. Gààrí àti ẹ̀pà, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìyẹn.

Bàbá_Kendal

Keswick, Buttermere, Gosforth. Gosforth ni kó o ti kún àpò àti ìgò omi. Ilé ọtí Woolpack wà lọ́nà kó o tó dé ìsàlẹ̀ Hardknott, wàá rí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó jókòó síta. Kí wọn, kó o máa lọ. Má fi lọ Sátidé. Ọ̀nà yẹn kò gba mọ́tò méjì, bí àwọn tó wá ṣe fàájì bá há sí kọ́nà, wàá máa gbóòórùn kúlọ́ọ̀ṣì tó ń jó, wàá sì sọ̀ kalẹ̀ tipátipá. Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ló dáa. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú nínú oṣù kẹfà, ó ń sún mọ́ aago mẹ́wàá alẹ́, ṣùgbọ́n kúrò ní Grasmere ní aago mẹ́fà àárọ̀.

ỌmọÌdànrè

Bàbá, fríwíìlì tó ní 34 yẹn, èló ni wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń béèrè.