Ṣé kí n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí búrẹ́dì bu sí tèmi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láti ìgbà tí òjò ti dé, tó bá ti di ọjọ́ kẹta, ebu á ti yọ sí i nídìí, níbi tó ti kan ọ̀rá. Mo ti ń jẹ́ kó tutù dáadáa kí n tó dì í, mo sì ti dín omi rẹ̀ kù. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ àwọn oníbàárà ṣì ń dá a padà.

Ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún mi wá gbé oògùn ebu kan tó ń jẹ́ calcium propionate wá. Ẹ̀gbọ́n mi fárí gá, ó ní ọmọ ìyá bromate tí NAFDAC fòfin dè ni. Èmi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bromate: ìyẹn ń mú búrẹ́dì wú, èyí kàn ń lé ebu ni. Àmọ́ àwọn ọmọ iléèwé ló ń jẹ búrẹ́dì mi láràárọ̀, tèmi náà wà nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fi sí i níwọ̀n, ṣé ó lè pa ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ lára? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.