Mò ń wá pọ́ọ̀ṣì oníkíbọ́ọ̀dù fún Galaxy Tab S6 Lite (Yorùbá ni mo fẹ́ fi kọ)

AduniSamonda:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung, Galaxy Tab S6 Lite, tó ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó ní bírò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù mi ti kú láti oṣù kẹta, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe sì ti fi ọ̀la dá mi lóhùn títí mo fi gba kámú. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ M.A. mi wà nílẹ̀, èdè Yorùbá ni mo ń fi kọ ọ́, kò sì ní dín ní 100 ojú-ewé. Mo gbìyànjú láti máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Orí kìíní kò tíì parí tí ọrùn fi ń dùn mí.

Pọ́ọ̀ṣì tó ní kíbọ́ọ̀dù nínú ni mo fẹ́, èyí tí mo lè gbé lé itan, torí kì í ṣe ìgbà gbogbo ni mo ń rí tábìlì. Ìgbà mìíràn, inú mọ́tò ni. Ìgbà mìíràn, abẹ́ igi ni, nígbà tí iná bá lọ nínú ilé ìkàwé tí ooru sì lé wa síta. Owó ọwọ́ mi kò ju ₦40,000 lọ. Mo rí oríṣi mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló jọra lójú mi. Kí ni ẹ̀yin ń lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra láàpútọ́ọ̀pù.

Lanke_Lagos:
Lọ ra láàpútọ́ọ̀pù.

(Má bínú, ẹnu ló ń yún mi.)

BabaWaya:
Má dá a lóhùn. Àdùnní, kí o tó wo àwọ̀ tàbí iye owó, lọ sí Settings, sọ̀kalẹ̀ dé About tablet, kí o ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SM. Bó bá jẹ́ SM-P610 tàbí P615, ti ọdún 2020 ni. P613 àti P619 ni ti 2022. Ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀, pọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Èyí tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni Tab A8, SM-X200. Ojú tìyẹn jẹ́ ínǹṣì 10.5, tìrẹ jẹ́ 10.4, ọlọ́jà á sì ní "ìkan náà ni wọ́n". Irọ́ ni. Ihò kámẹ́rà kò ní bá ara mu, igun rẹ̀ kò sì ní jókòó dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kejì: àwọn Tab S7, S8 àti S9 ní ojú irin kéékèèké lára, ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù wọn ti ń mu iná lára tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó kàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ni, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iPad náà ní irú rẹ̀, Smart Connector ni wọ́n ń pè é. S6 Lite kò ní in. Bluetooth ni tìrẹ, kíbọ́ọ̀dù náà á ní bátìrì tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wàá sì máa ṣáájì rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé yóò máa mu iná lára tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ, kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí o bá máa rà á, rí i pé Type-C ni ihò rẹ̀, kí wáyà kan lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ní ìlú tí iná ń wá bí àlejò, kò yẹ kéèyàn máa wá wáyà méjì kiri.

OmoQueenCinema:
Ìyá ẹlẹ́kọ kì í pe ẹ̀kọ rẹ̀ ní kíkan. Èmi ń ta nǹkan wọ̀nyí ní Queen Cinema n'Ìbàdàn níbí, kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Àǹtí Àdùnní, oríṣi mẹ́ta tí ẹ rí yẹn kò jọra rárá.

Ọ̀kan dà bí ìwé aláwọ. Òòfà ló mú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ inú, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ló sì dínwó jù. Lórí tábìlì, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé itan nínú mọ́tò, kí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín fi ìgbọ̀nwọ́ kàn yín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ.

Òmíràn ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn bíi férémù fọ́tò. Ó rẹwà, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ń gba àyè lẹ́yìn, kíbọ́ọ̀dù ń gba àyè níwájú. Ẹni tí itan rẹ̀ kò gùn, etí orúnkún ni yóò ti máa wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ náà lé.

Ẹ̀kẹta ló ń ṣí tó ń padé bíi láàpútọ́ọ̀pù gan-an. Òun ló lè dúró lórí itan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í sọ nípa rẹ̀: ó wúwo, ó sì gbọ́dọ̀ wúwo. Láàpútọ́ọ̀pù gidi, ìsàlẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ wà, ìyẹn ló ń mú un dúró. Tábúlẹ́ẹ̀tì, òkè ni gbogbo ẹrù wà. Tiyín yẹn tó 467 gíráàmù. Bí kíbọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ bí ewé, ẹ ṣí i báyìí, á fẹ̀yìn lélẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́ tó fúyẹ́ jù, ẹ má yọ̀. Ẹ ṣí i lórí itan yín níwájú ọlọ́jà, kí ẹ tì í díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣubú.

Lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀kẹta yẹn wà láàárín ₦32,000 sí ₦38,000 lọ́sẹ̀ yìí. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lọ bi dọ́là.

Lanke_Lagos:
Ọ̀rọ̀ A8 tí BabaWaya sọ yẹn, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. S6 Lite ni mo ní nígbà náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Ti A8 ni wọ́n gbé wá, lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà sì wà lórí gbogbo bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Mo fẹ́ dá a padà, wọ́n ní mo ti ya ọ̀rá ara rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà títí di òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o lọ ra láàpútọ́ọ̀pù.

TisaOgbomoso:
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ibi tó ń dun ọmọ yìí. Yorùbá ló fẹ́ fi kọ. Ta ni yóò bá a fi àmì sí i?

Àdùnní, mo ti wà nínú iná tí o fẹ́ kó sí yìí. Ní ọjọ́ tí mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mi, inú mi dùn, mo tẹ ìlà méjì, mo rí i pé n kò ní ẹ, n kò ní ọ, n kò ní ṣ. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá inú Gboard, kíbọ́ọ̀dù ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ti Google, tí mo fi ń tẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ti sá wọlé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn: bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti rí kíbọ́ọ̀dù gidi, á gbé ti ojú rẹ̀ pamọ́. Lọ sí General management, wá Physical keyboard nígbà tí o bá ti so ó, kí o tan "Show on-screen keyboard". Gboard á padà wá, àwọn méjèèjì á sì jọ máa ṣiṣẹ́.

Lórí kíbọ́ọ̀dù gidi tèmi, bí mo bá di Alt mú tí mo tẹ E, lẹ́yìn náà tí mo tẹ a, á ni mo máa rí. Alt pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ Esc ń fún mi ní àmì ìsàlẹ̀: à, ì, ù. Ìyẹn tó fún àmì ohùn. Àmì abẹ́ lẹ́tà ni kò sí níbì kankan lórí rẹ̀.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i nìyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sí c, q, v, x àti z nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Wọ́n wà lórí kíbọ́ọ̀dù, wọn kò rí iṣẹ́ ṣe. Mo wá fún wọn níṣẹ́: q ni mò ń tẹ̀ dípò ẹ, x dípò ọ, z dípò ṣ. "Xmx mi zizq" ni ọ̀rọ̀ mi máa ń rí. Bí orí kan bá parí, mo máa ń yá kọ̀ǹpútà ẹnì kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá lọ sí Find and Replace nínú Word, màá fi àmì sí Match case kí Q má baà di ẹ kékeré, màá sì pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń jókòó pẹ̀lẹ́ fi Gboard gbé àmì ohùn lé orí ẹ àti ọ. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìwé tí mo tọ́ka sí. Mo ti fi "Oọford University Press" ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi rí.

IyaIbejiPeckham:
Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ ní kí ló dé. "Oọford"! Tíṣà, ẹ kú ọpọlọ o.

iPad ìran kẹsàn-án, ti 2021, lèmi ń lò, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ń mu iná láti ara Smart Connector, torí náà n kò mọ ìyà ṣáájì méjì. Fún àwọn tó bá ní iPad níbí: nínú ètò kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ yan èyí tó ní Extended lórúkọ. Option pẹ̀lú x, kí ẹ tẹ o, ọ ni yóò jáde. Option pẹ̀lú e ni àmì òkè, Option pẹ̀lú ` ni àmì ìsàlẹ̀. N kò tíì fi q ṣe ẹ rí láyé mi.

Àdùnní, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa tó fẹ́ gbé kíbọ́ọ̀dù fún ọ, mọ̀ pé ti ìlú ọba yàtọ̀. Tiwa, @ wà nítòsí Enter, àmì £ sì wà lórí 3. Ti Amẹ́ríkà, @ wà lórí 2. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ bá rò pé ti Amẹ́ríkà ni, o máa tẹ @, àmì ọ̀rọ̀-ẹnu ni wàá rí. Ó ṣeé yí padà nínú Physical keyboard tí Tíṣà dárúkọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ kíbọ́ọ̀dù tó dáa nù torí pé wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí ló tún dé tí gbogbo yín fi gbà pé pọ́ọ̀ṣì ló gbọ́dọ̀ jẹ́? Kíbọ́ọ̀dù tó dá dúró, irú Logitech K380, ń lo bátìrì kékeré méjì tí à ń rà lọ́jà, kò ní ṣáájì rárá, ó sì lè so mọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta. Bọ́tìnnì kan kan ní F1 sí F3 ló fi ń fò láti fóònù sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́ lọ́la, kíbọ́ọ̀dù rẹ ṣì wà. Pọ́ọ̀ṣì, òun àti tábúlẹ́ẹ̀tì ló jọ ń kú.

OmoQueenCinema:
Ìyá Ìbejì, ó dáa fún tábìlì. Nínú mọ́tò ńkọ́? Ọwọ́ wo ni yóò fi di tábúlẹ́ẹ̀tì mú?

IyaIbejiPeckham:
O borí. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ itan.

BabaWaya:
Kí n fi ẹyọ kan kún un nípa fífẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù gidi, láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èkejì jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 19. Tábúlẹ́ẹ̀tì Àdùnní kò fẹ̀ tó 250 mílímítà, àyè yẹn kò lè gba gbogbo wọn tán, torí náà wọ́n á fún díẹ̀ mọ́ra. Lẹ́tà kì í sábà jìyà púpọ̀. Àwọn tó wà létí ọ̀tún ni wọ́n ń gé: Shift, àmì ìdánudúró, Enter. Tẹ gbólóhùn gígùn kan ní ìsọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ nìkan. Kí o sì wò ó bóyá wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún bírò rẹ létí. Bírò náà kì í gba ṣáájì, òòfà ni ó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, àwọn pọ́ọ̀ṣì kan sì bo ibẹ̀ pátápátá.

AduniSamonda:
Ẹ ṣeun púpọ̀, kò ní rẹ̀ yín. Mo ń lọ lọ́jọ́ Sátidé.

AduniSamonda: *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*
Mo ti padà dé. Ẹlẹ́kẹta yẹn ni mo rà, ₦35,000 lẹ́yìn ìnájà. Mo tì í sẹ́yìn lórí itan níwájú ọlọ́jà bí ẹ ṣe wí. Èyí àkọ́kọ́ ṣubú, ó ní "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tì í jù". Èkejì dúró, òun ni mo mú. Type-C ni. Bírò mi rí àyè tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú àpò.

Ohun tí n kò fẹ́ràn: ó wúwo lóòótọ́, èjìká mi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ń ronú fún ìgbà díẹ̀ tí n kò tẹ nǹkan kan, ó máa ń sùn, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo bá sì tẹ̀ nígbà tó bá ń jí kì í jáde. Shift ọ̀tún kéré bí èékánná, mo ti ń fi ti òsì ṣe ohun gbogbo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti wọ orí kẹta, ọrùn ò dùn mí mọ́.

Tíṣà, ọgbọ́n q àti x yín ni mò ń lò. Mo ṣọ́ Oxford dáadáa. Ọ̀gá mi dá orí kejì padà lánàá, ó fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ "Ahmadu Bello University, Ṣaria", ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ìlú wo nìyí?"

TisaOgbomoso:
Ah. N kò rántí Zaria.