Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ tọ́jú nínú pálọ̀, níbo lẹ ń kó ohun ìṣeré wọn sí?

Ìyá Fèyí
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Òkè-Fíà ní Òṣogbo ni mo wà. Ọmọ márùn-ún ni mò ń tọ́jú láti aago méje àárọ̀ títí àwọn ìyá wọn á fi ti ọjà dé, Fèyí tèmi ló ṣìkẹfà. Yàrá kan àti pálọ̀ kan la ní. Inú pálọ̀ yìí la ti ń jẹun, ibẹ̀ la ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ti ń ṣeré. Lánàá wọ́n mú iná lọ, bàbá Fèyí dìde kó lọ tọ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ búlọ́ọ̀kù àwọn ọmọ. Ariwo tó pa, ìyá onílé rò pé olè wọlé ni. Ó ní tóun bá tún fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan nínú ilé yìí, ààtàn ni mo ti máa lọ kó gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ sọ èyí tójú yín rí, ẹ má sọ èyí tẹ́ ẹ wò lórí fóònù.

Bàbá Wàhálà
Ẹ kó wọn sínú báàfù. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Màmá Ìbejì
Ẹni tí kò gba ọmọ tọ́jú rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń wá mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ báàfù, á da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á mú ọ̀kan, á kọjá lọ. Òmíràn á gbé báàfù dé orí, ó ti di fìlà nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi báàfù dá ara mi lóró. Ike ọ̀dà ló gbà mí sílẹ̀. Àwọn akunlé tó kun ilé ẹ̀gbẹ́ wa fi mẹ́jọ sílẹ̀, mo fi kànìnkànìn ha wọ́n, mo sá wọn sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí òórùn ọ̀dà lè kúrò. Ọ̀kan fún búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan fún ọmọláńgidi, ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún ìkòkò àti síbí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ iyanrìn. Wọn ò tíì mọ̀wé, torí náà mo fi máákà ya àwòrán ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan sí ara ẹ̀. Mọ́tò tí mo yà jọ ewúrẹ́. Títí dòní, "garawa ewúrẹ́" ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń kó mọ́tò sí, kò sẹ́ni tó ń ṣì í.

Adúmáadán
Garawa ewúrẹ́! Ẹ̀rín pa mí níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ń wò mí.

Àǹtí Jẹ́léósinmi
Màmá Ìbejì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé garawa yẹn ò di èyí tí ẹnì kan máa rọ omi sí lálẹ́ kó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tó bá fi orí lé e, kò lè gbé ara ẹ̀ jáde, omi ò sì nílò kó pọ̀.

Màmá Ìbejì
Mo ti lu ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ní ihò mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ò mọ àwọn ará ilé wa ni. Tí mi ò bá lu ihò, wọ́n á ti yá méje nínú mẹ́jọ pọnmi.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọmọ aró, aṣọ kún inú àpótí yín, ẹ wá ń lé garawa kiri. Mo gba adìrẹ àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, èyí tó ti ṣá. Mo rán ọ̀pá mélòó kan pọ̀, mo gé e róbótó, mo ká etí ẹ̀, mo ki okùn bọ̀ ọ́ bíi ti ṣòkòtò. Láàárọ̀ mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òfin kan ló wà: ohun ìṣeré kì í jáde kúrò lórí aṣọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ mo fa okùn, gbogbo ẹ̀ di ìdì kan, mo gbé e kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìṣó yẹn ga o, torí okùn àti ọrùn ọmọ kì í ṣọ̀rẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, pálọ̀ ti mọ́. Ọkọ mi ní tóun bá rí mi pẹ̀lú ìdì yẹn, ó ń ṣe òun bíi pé mò ń lọ sin gbèsè.

Ọmọ Òròkí
Òṣómàáló dé! Ẹ jọ̀ọ́, àwa ò jẹ yín lówó kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Mi ò dìde.

Káfíńtà Sábó
Ẹ forí jìn mí, ọkùnrin ni mí, ṣùgbọ́n mo ti kan irú àpótí yìí fáwọn èèyàn. Pẹlẹbẹ ni kó jẹ́, kó ní táyà kékeré mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí kò ní ìdérí ló dáa jù, torí ìdérí ló ń fún ọmọ níka. Tẹ́ ẹ bá ní dandan ìdérí, kó fúyẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kí káfíńtà lu ihò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọmọ máa wọnú ẹ̀ lọ sá pamọ́ lọ́jọ́ kan, ìyẹn ò níyèméjì. Kẹ́ ẹ sì wọn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó wá bá wa.

Ìbàdí Àrán
Wíwọ̀n yẹn ni wàhálà mi. Ọ̀sán la wọn tiwa, àpótí wọlé, ó jáde, a dúpẹ́. Ó dalẹ́, èmi àti ọkọ mi sùn lé bẹ́ẹ̀dì, pákó tẹ̀, ó há àpótí mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń sunkún ohun ìṣeré, ọkọ mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń fà á. Káfíńtà ò ṣẹ̀. Àwa ló wúwo.

Káfíńtà Sábó
Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni, mà.

Ìyá Ìgbọ̀nà
Gbogbo yín ń wá ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí, ẹ ò béèrè bóyá ó ti pọ̀ jù. Bí èmi ṣe mọ̀ rèé. Oṣù kẹjọ ni, ọdún Ọ̀ṣun, àlejò kún ilé wa, wọ́n ń sùn ní pálọ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà. Mo ki èyí tó ju ìdajì ohun ìṣeré sínú àpò Ghana-must-go, mo jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé àwọn ọmọ máa yọ mí lẹ́nu. Rárá o. Ṣe ni wọ́n ṣeré dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìjà sì dín kù. Nígbà táwọn àlejò lọ, mo gbé àpò sọ̀kalẹ̀, wọ́n fò fáyọ̀, wọ́n rò pé mo ra tuntun ni. Láti ìgbà náà, àpò méjì ni. Tí ọ̀kan bá wà nílẹ̀, èkejì á wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni mò ń pààrọ̀ wọn. Ibi tó ti burú ni pé ọmọ kan délé, ó sọ fún ìyá ẹ̀ pé àǹtí máa ń ra ohun ìṣeré tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá wá bá mi, ó ní ṣé owó tóun ń san ni mò ń ná báyìí, kí n kúkú dín in kù fóun.

Adúmáadán
Ìyá yẹn náà gbọ́n.

Bàbá Wàhálà
Nígbà tiwa, kò sí ohun ìṣeré kankan. A sì dàgbà.

Màmá Ìbejì
Bàbá Wàhálà, ẹ ò ta ọ̀kòtó rí?

Bàbá Wàhálà
Ọ̀kòtó yàtọ̀.

Màmá Ìbejì
Ẹ ò fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, kẹ́ ẹ so okùn mọ́ ọn? Ẹ ò fi ọ̀pá lé táyà kẹ̀kẹ́ kiri?

Bàbá Wàhálà
Ìta la ti ń ṣe ìyẹn. Kò sẹ́ni tó kó o wá sí pálọ̀ bàbá mi.

Ìyá Fèyí
Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá bá mi sọ fún onílé wa pé kó fún wa níta. Síméńtì ni gbogbo àgbàlá, ọkọ̀ ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Aláyò
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilé bàbá ọkọ mi là ń gbé. Pálọ̀ kan náà ni bàbá àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn ń jókòó, ibẹ̀ lèmi náà ti ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin. Mo ní apẹ̀rẹ̀ tí mò ń kó ohun ìṣeré sí, kò séyìí tó ń sọnù. Ọpọ́n ayò bàbá wà lábẹ́ àga. Mi ò kà á kún ohun ìṣeré ọmọdé, àṣé àwọn ọmọ ti kà á kún un. Lọ́jọ́ kan báyìí, bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ ta ayò, wọ́n ń pín in mẹ́rin mẹ́rin sójú méjìlá, ojú tó kẹ́yìn gba mẹ́ta. Wọ́n dà á, wọ́n tún un kà. 47. Ara mi bù máṣọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ti gbé e mì. Bàbá ń gbé àga, ọ̀rẹ́ wọn, àgbàlagbà ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń wo abẹ́ fíríìjì. Èmi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún méjì, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ bí ẹyẹ ìbákà. Lọ́jọ́ náà ó jókòó jẹ́jẹ́, ó kàn ń wò wá. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti ń gbọ́n. Bí ìyá ẹ̀ ṣe wọlé nìyẹn, ó kí wa, ó wá ní, "Ó yá, kí bàbá." Ọmọ kúnlẹ̀, ó yanu, ọmọ ayò bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ títí ó fi dé ẹsẹ̀ bàbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ki í sí látàárọ̀! Bàbá mú un, wọ́n nù ún mọ́ agbádá, wọ́n ní, "Ó pé. Ẹ jẹ́ ká ta á."

Ọmọ Òròkí
"Ẹ jẹ́ ká ta á" 😂 Mo gba ti bàbá yìí.

Adúmáadán
Látàárọ̀ kẹ̀? Ọmọ ò jẹun ni?

Ìyàwó Bàbá Aláyò
Ó dáa, kì í ṣe àárọ̀. Ó kàn tó àkókò tí àgbà méjì á fi tú pálọ̀ palẹ̀.

Ìbàdí Àrán
Ẹ má dá a lóhùn, mo gbà á gbọ́. Imú ni tèmi, ẹ̀wà ló kì sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di ọjọ́ kẹta, ihò imú kan ń rùn, ìkejì ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí dókítà fi máa yọ ọ́, ẹ̀wà ti wú. Dókítà ní ó ku díẹ̀ kó hù.

Ìyá Ìgbọ̀nà
Fóòmù inú tìmùtìmù ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Etí.

Àǹtí Jẹ́léósinmi
Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí. Tẹ́ ẹ bá lo tíṣù tán, ẹ má ju páálí róbótó tó wà láàárín ẹ̀ nù. Ohunkóhun tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta rí i. Ọmọ ayò á gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́. Èyí tó burú jù ni bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi bọ́tìnnì, tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró wá epo pupa, ẹ má ní kó bì, ilé ìwòsàn tààrà ni. Èyí tí ibi bátìrì ẹ̀ ò bá ní síkúrù tí wọ́n ń fi síkúrùdíráífà tú, kò wọ pálọ̀ mi.

Màmá Ìbejì
Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo garawa ewúrẹ́. Mọ́tò méjì ti jáde níbẹ̀.

Bàbá Wàhálà
Ọ̀kòtó ò ní bátìrì o. Mo kàn ń sọ ni.

Ọmọ Òròkí
Bàbá Wàhálà, lórí èyí, mo tẹríba.

Adúmáadán
Ìyàwó Bàbá Aláyò, ọpọ́n yẹn dà báyìí?

Ìyàwó Bàbá Aláyò
Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Àmọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yín mo lọ gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ka ọmọ ayò. 49. Mo tún un kà. 49. Ọ̀kan ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àdúgbò wa ló ni ín.

Màmá Ìbejì
Haa! Ẹ gbé garawa ewúrẹ́ mi wá fún un!

Ìyá Ìgbọ̀nà
Àti pé bàbá ti fi ta ayò?

Ìyàwó Bàbá Aláyò
Lánàá. Wọ́n sì jáwé olúborí.

Ìyá Fèyí
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní pa mí. Mo ti rí adìrẹ kan nínú àpótí ìyá mi, mo ti rán an bí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe sọ. Ó gba gbogbo búlọ́ọ̀kù. Bàbá Fèyí fẹsẹ̀ lásán rìn káàkiri pálọ̀ lálẹ́ àná bí ẹni ń yẹ ilẹ̀ wò. Kò rí nǹkan kan tẹ̀, ó dà bíi pé kò dùn mọ́ ọn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Owó iṣẹ́ mi dà? Mo ṣì lóṣòó o.