Mo fẹ́ da ètò orí kọ̀ǹpútà kan kọ sórí mẹ́rìnlá mìíràn

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yaba ni mo ti ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 15. Mo ti to Windows 11 àti gbogbo ohun tí àwọn ọmọ yóò lò sórí ọ̀kan, ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ kan ni ó gbà mí, nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé Clonezilla, ètò tí a fi ń ṣe ẹ̀dà díìsì, lè da díìsì (ibi ìpamọ́) kọ̀ǹpútà náà kọ sórí àwọn yòókù, àti pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ lo Sysprep, irinṣẹ́ kan nínú Windows, kí ó lè pa àmì ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ nìkan rẹ́. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé díìsì àkọ́kọ́ jẹ́ 512GB, 256GB sì ni ti mẹ́fà nínú àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ Clonezilla kì í sábà gbà láti kọ nǹkan sórí díìsì tí ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé kí n dín ìpín (partition) orí díìsì àkọ́kọ́ kù ni, àbí kí n tún gbogbo rẹ̀ tò lórí ọ̀kan nínú àwọn kékeré? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni àwọn ọmọ ń wọlé.