Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti sú mi látìgbà tí màámi ti lọ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́. Manchester ni mò ń gbé, màámi kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní wàhálà oúnjẹ, mo lè má jẹ nǹkan kan látàárọ̀, tó bá wá dòru màá jẹ gbogbo ohun tó wà nílé tán, màá tún lọ bì í, dókítà ní bulimia ni. Màámi nìkan ló mọ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí, "ṣó o ti jẹun?", a ó wá jọ jẹun lórí fídíò. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń bi mí. Rọ́bà ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ṣì wà nínú fìrísà, àwọn fúnra wọn ló kọ orúkọ mi sórí ìdérí ẹ̀, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè dà á nù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí pé mo ti rù (ẹ gbọ́ kẹ̀!). Mo ń dúró kó kàn mí fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ilé yìí ti dákẹ́ jù lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé kí n sọ fún àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn, àbí ẹrù ni màá dì lé e lórí, òun náà ṣì ń sunkún màámi?