Wọ́n ní ikú àìsàn ni: ṣé sójà tó ṣubú kú níbi eré sísá ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú?

Àbẹ̀kẹ́12:
Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, sójà ni, ọmọ ọdún 27. Wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì eré sísá láàárọ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí ló kàn wó lulẹ̀, kò tiẹ̀ kígbe, ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ rò pé ó kọsẹ̀ ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ó ti kú. Wọ́n wá kọ̀wé sí ìyàwó ẹ̀ pé iṣan ọkàn ẹ̀ ló nípọn jù, àrùn yẹn ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà kì í ṣe ikú ẹnu iṣẹ́, kò sí owó kankan. Kò wọ̀ mí létí. Ta ló ní kó máa sáré? Ṣebí àwọn náà ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ tí wọ́n ní ara ẹ̀ dá ṣáṣá.

Sájẹ́ǹtì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì:
Kú ọ̀rọ̀ èèyàn, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ buwọ́ lu nǹkan kan o. Kí àìsàn wà lára èèyàn tẹ́lẹ̀ yàtọ̀, kí iṣẹ́ ta á jí yàtọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yẹn wà. Ní UK, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 gbà pé bí iṣẹ́ bá mú àìsàn burú sí i, ó lè gba owó, àmọ́ ẹni tó ń béèrè ló máa fi ẹ̀rí hàn, ọdún 7 ni wọ́n sì sábà máa ń fún ẹni tí àìsàn náà mú láti fi béèrè. Ní Amẹ́ríkà, 100,000 dọ́là kan wà tí wọ́n máa ń san fún ìdílé ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ohun yòówù kó pa á. Ẹ wo òfin tiyín, kí ẹ sì tètè béèrè ìwé: ta ló pàṣẹ eré yẹn, aago mélòó ló ṣubú, aago mélòó ni ẹni àkọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àyà ẹ̀.

Dókítà_Ọ̀sán:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọkàn tó nípọn báyẹn, bí ara bá ń lo agbára, iná tó ń darí ẹ̀ lè dàrú, ọkàn á kàn máa gbọ̀n, kò ní lù mọ́. Tí wọn ò bá fi ẹ̀rọ gbá a padà, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín ìyè kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100. Torí ẹ̀ ni ìbéèrè bàbá nípa aago fi ṣe pàtàkì. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò òkú lódindi, ẹ má gba lẹ́tà ojú ewé kan. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wọn bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tó, torí ooru náà máa ń pa sójà, tí ara ẹnì kan bá ti gbóná kọjá 40 digíríì tí orí ẹ̀ sì ti ń dàrú, ẹ rì í sínú omi tútù ná kí ẹ tó gbé e lọ. Àti pé, Àbẹ̀kẹ́, ìwọ fúnra ẹ lọ ṣe ECG (àyẹ̀wò iná tó ń darí ọkàn) àti echo (àwòrán ọkàn). Inú ìdílé ni nǹkan yìí máa ń rìn sí.

Òtítọ́Korò:
Ẹ má bínú, àmọ́ sójà púpọ̀ máa ń fi àyà dídùn pa mọ́ kí wọ́n má bàa lé wọn. Tó bá mọ̀ tí kò sọ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́12:
Ó sọ! Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ojú òun ṣú nígbà táwọn ń sáré, ó lọ kílíníìkì wọn, oògùn ara ríro ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó padà sẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó ẹ̀ rí káàdì ẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò ẹ̀ lánàá nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́, déètì wà lórí ẹ̀.

Sájẹ́ǹtì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì:
Ẹ ya fọ́tò káàdì yẹn nísinsìnyí, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ kó lọ bá lọ́yà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó.